Àpótí Tó Ní Kí Ọ̀gá Àgbà Dúró

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú. Mo ti gbìyànjú láti fi ẹ̀rín sọ ọ́, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀rín pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohùn mi bá le níbì kan, ẹ má bi mí léèrè. Ẹni tó bá ti bá Ọ̀gá Àgbà Afọlábí Oyèwọlé pàdé rí kò ní bi mí.

Ilé Asàba Ìjọba wà lẹ́bàá ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà, bí èèyàn bá ti ń jáde ní Ẹdẹ. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tó bá ní ẹyin adìẹ, ẹyin awó tàbí ti tòlótòló, tí kò sì ní abo tó máa sàba lé e, á kó o wá síbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ínkúbétọ̀ á máa fi ooru mú un títí ọmọ á fi jáde. Nítorí àwọn ọlọ́sìn ni ìjọba ṣe gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Afọlábí ti di ọ̀gá níbẹ̀, bí ẹ bá dé ilé náà, ẹ ó rò pé nítorí ọ̀gá ni àwọn adìẹ ṣe ń yé ẹyin.

Afọlábí fẹ́ràn oyè. Mi ò sọ pé oyè burú o, èmi náà máa gbà bí wọ́n bá fún mi. Àmọ́ ti Afọlábí ti di àìsàn. Ó jẹ́ Olóyè, nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde níléèwé fi í jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tó ra ẹran fún wọn. Ó jẹ́ Ẹnjiníà, nítorí pé ó ti tún jẹnẹrétọ̀ kan ṣe rí. Jẹnẹrétọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, koríko ti bò ó. Ó jẹ́ Dókítà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó fún un ní ìyẹn kò ju yàrá kan lọ lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, wọ́n sì ti kó kúrò níbẹ̀ láìsọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó tún jẹ́ Baba Ìsàlẹ̀ Àwọn Ọlọ́sìn, Aṣíwájú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ, àti Àrẹ̀mọ Ìdàgbàsókè. Àrẹ̀mọ ta ni? Èmi náà ò mọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló wá kan Ọ̀gá Àgbà Yányán, èyí tí í ṣe iṣẹ́ tí ìjọba gbà á sí gan-an.

Ó ní akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Roqeeb, iṣẹ́ tí Roqeeb sì ń ṣe jù ni kó máa rìn níwájú rẹ̀ kó máa ka oyè náà. Bí ọ̀gá bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, Roqeeb á bẹ̀rẹ̀. Á kà á dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Bí ọ̀gá bá dìde láti lọ tọ̀, á kà á dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, á dúró síta, á sì tún kà á padà. Bí ọ̀gá bá sín, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Ọkùnrin kan wà ní ibi ìkówèé-sí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó máa sọ lójúmọ́ kò ju "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ, wọ́n sì gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹ̀.

Ti ẹnu géètì ló burú jù. Afọlábí ní àlejò kankan ò gbọdọ̀ wọlé láìka oyè òun pé pérépéré fún ọlọ́dẹ. Bó bá fo ẹyọ kan, á tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọlọ́dẹ náà fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n tán, nítorí náà bó bá ti sú u, á ní ó ti tó, á sì ṣílẹ̀kùn.

Ìyá kan wà ní Alájùé tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tòlótòló. Àwáwù lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tòlótòló ló fi ń jẹ, òun ló fi rán àwọn ọmọ níléèwé. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àrùn bọ́ sáàárín àwọn ẹyẹ, ó sì gbá gbogbo tirẹ̀ lọ, akọ àti abo, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ohun tó kù fún un kò ju ẹyin tó ti kó jọ ṣáájú àrùn. Ó fi àkísà wé wọn sínú agbọ̀n, ó gun ọ̀kadà, ó gbé agbọ̀n lé itan títí ó fi dé Ilé Asàba. Bí ẹyin wọ̀nyẹn bá pa, ó tún ti ní agbo nìyẹn. Bí wọn ò bá pa, ó parí, nítorí kò tún sí ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ orí rẹ̀.

Wọ́n dá a dúró ní géètì. Ó ka oyè, ó gbàgbé Àrẹ̀mọ Ìdàgbàsókè. Wọ́n ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ó pe Aṣíwájú ní Arẹ́nijẹ, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ṣèèṣì ni. Ìyá tó ti wà nílé ọkọ kí wọ́n tó sọ Afọlábí lórúkọ jókòó sórí òkúta nínú oòrùn, ẹyin lórí itan, ó ń kọ́ oyè bí ọmọ iléèwé. Ìgbà tó sú ọlọ́dẹ ló tó wọlé.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an níbẹ̀ ni Mubarakah, ẹnjiníà tó kàwé ẹ̀ tán dáadáa, tí ìjọba rán wá láti máa bójú tó ẹ̀rọ. Ínkúbétọ̀ náà ti gbó. Wọ́n ti lò ó tó lókè òkun kí wọ́n tó kó o wá fún wa. Kò lè fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí ooru dín tàbí kó pọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ fún un. Wáyà kan ló so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ara ínkúbétọ̀. Àpótí yìí ló ń gba àṣẹ, á kà á, á sì mú un ṣẹ.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, kò le. Ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń gba inú wáyà náà kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí èèyàn tó tò sórí ìlà. Àpótí á máa kó wọn jọ sínú àyè kékeré kan tó ní, á máa rọra kà wọ́n, á máa da èyí tí kò wúlò nù títí á fi kan àṣẹ. Kọ̀ǹpútà yára, àpótí ń falẹ̀, àyè náà sì kéré. Ẹni tó bá ti rọ epo láti inú garawa sínú ìgò rí ti mọ ohun tí mò ń sọ. Bí àrọ ẹnu ìgò bá ti kún, à á dáwọ́ dúró kó lọ sílẹ̀ ká tó tún rọ. Ẹni tí kò bá dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ló ń rọ epo sí.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Wọ́n fi wáyà tín-ín-rín kan kún ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bí àyè inú àpótí bá ti ń kún, àpótí á gba ibẹ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó dúró. "DÚRÓ NÁ" á hàn lójú kọ̀ǹpútà. Bí àpótí bá ti kà á lọ sílẹ̀, á ní kó máa bọ̀, ọ̀rọ̀ á sì tẹ̀síwájú. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Afọlábí wá pàṣẹ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ òun jáde, ìbáà ṣe sí èèyàn, ìbáà ṣe sí ẹ̀rọ, gbọ́dọ̀ fi oyè òun ṣíwájú. Mubarakah ṣàlàyé fún un títí. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni àpótí ń fẹ́, "dín iná kù," pé ẹ̀rọ ò mọ Olóyè yàtọ̀ sí ẹlòmíì. Afọlábí ní ìwà ẹ̀kọ́ ni ẹ̀rọ náà ò ní, òun á sì kọ́ ọ. Wọ́n tò ó sínú kọ̀ǹpútà pé àṣẹ kankan ò gbọdọ̀ jáde láìsí oyè lórí rẹ̀, ó sì fi páásìwọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n tì í pa. Láti ìgbà náà, bí Mubarakah bá fẹ́ dín ooru kù, á kọ́kọ́ jókòó títí Afọlábí á fi jẹ gbogbo oyè rẹ̀ tán nínú wáyà. Àṣẹ ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dé. Wáyà tín-ín-rín yẹn ló ń kó gbogbo wa yọ.

Ọjọ́ tí ẹyin Ìyá Tòlótòló àti ti àwọn ọlọ́sìn yòókù máa pa ni wọ́n pe Kọmíṣọ́nà sí. Afọlábí fúnra rẹ̀ ló ṣètò ọjọ́ náà. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ òun ló máa tẹ bọ́tìnnì, tí ìlẹ̀kùn ínkúbétọ̀ á ṣí, tí àwọn ọmọ ẹyẹ á máa ké ní ojú Kọmíṣọ́nà. Kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣáájú òun rí wọn, ó ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà kó má lè ṣí àfi bí kọ̀ǹpútà bá ní kó ṣí. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn, wọ́n fi léèsì funfun bo tábìlì náà.

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mubarakah ti dé ní kùtùkùtù, ó ti fi àṣẹ ránṣẹ́ pé kí iná pọ̀ sí i, kí òtútù má pa ẹyin. Àṣẹ náà dé, iná pọ̀ sí i. Ó kù kí oòrùn mú díẹ̀ kó tún ní kó dín. Ibẹ̀ ni Afọlábí bá a, nínú agbádá tuntun, tó ní òun fẹ́ dán ayẹyẹ wò. Roqeeb ló ṣe Kọmíṣọ́nà. Ó tilẹ̀ ká aṣọ tábìlì kan wé orí, nítorí obìnrin ni Kọmíṣọ́nà.

Afọlábí tẹ bọ́tìnnì. Oyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà, òun náà ń kà á tẹ̀lé e pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Kò tíì jókòó ti kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ rí, iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Bó ṣe kan Baba Ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ dúró gbọn-in, "DÚRÓ NÁ" sì hàn ní lẹ́tà ńlá.

Afọlábí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ta ló ń bá ta ni sọ̀rọ̀?"

Mubarakah ní àpótí ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, pé kò tíì ka ti àkọ́kọ́ tán. Afọlábí ní kọ̀ǹpútà ta ni. Mubarakah ní ti ọ̀gá fúnra wọn ni, sà. Afọlábí ní ó dáa, ó ti yé òun: àpótí kan tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ara ògiri irin, tó ń bá ẹyin gbé, ló ń sọ fún òun pé kí òun dúró, níbi tí òun ti ń jẹ oyè òun lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọmọdé kì í ní kí àgbà dúró. Àgbà á máa sọ̀rọ̀ lọ, ọmọdé á máa ṣe "hẹn-ẹn." Mo fara mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n ta ló tíì fi í lọ ẹ̀rọ rí? Afọlábí pa àṣẹ náà rẹ́, ó sì pe ìpàdé pàjáwìrì lórí ìdúró. Ohun tí wọ́n fẹ́ yanjú ni èwo ló dàgbà, kọ̀ǹpútà ni àbí àpótí. Roqeeb, tí kò tíì tú gèlè, sọ pé orí tábìlì Ọ̀gá Àgbà ni kọ̀ǹpútà ń gbé, nítorí náà òun ni àkọ́bí. Ọkùnrin tó máa ń sọ "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àgbà òṣìṣẹ́ kan ṣèèṣì sọ pé àpótí ti wà nílé yìí kí wọ́n tó ra kọ̀ǹpútà. Afọlábí bi í pé ṣé yóò fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí abúlé Ara kó lọ máa ka àgbàdo. Bàbá náà ní òun ti rò ó dáadáa, kọ̀ǹpútà ló dàgbà.

Wọ́n wá kọ kúérì fún àpótí. Mi ò purọ́. Roqeeb dúró níwájú rẹ̀, ó kà á sókè pé kí ó ṣàlàyé kíákíá ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ lórí ìwà àfojúdi sí ẹni tó jù ú lọ. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Wọ́n dúró dè é díẹ̀. Àpótí ò fèsì, wọ́n sì ka àìfèsì náà kún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Afọlábí dájọ́ pé kí wọ́n gé wáyà tí àpótí fi ń ní kí èèyàn dúró. Mubarakah bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí wọ́n bá gé e, kọ̀ǹpútà á máa sọ̀rọ̀ lọ, ẹni tó ń gbọ́ ọ ò sì ní rí ibi gbà á sí. Oyè nìkan ló máa kún inú àpótí, àṣẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dà nù. Ó ní ẹyin àwọn èèyàn ń bẹ nínú ínkúbétọ̀, ó sì ti kù díẹ̀ kí wọ́n pa. Afọlábí wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní àbí Mubarakah náà fẹ́ ní kí òun dúró ni.

Wọ́n wá ohun ìgéwáyà, wọn ò rí. Roqeeb bá mú àlùmọ́gàjí aláràbarà tí wọ́n rà kí Kọmíṣọ́nà fi gé ríbọ́ọ̀nù. Ìfẹ́ ọ̀gá pọ̀ lára rẹ̀ débi pé ó gé wáyà náà mọ́ ìdí ní ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó tún gé e mọ́ ìdí ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì lọ ju èyí tó wà láàárín sínú gọ́tà. Àlùmọ́gàjí kú sẹ́nu iṣẹ́ náà.

Afọlábí tún tẹ bọ́tìnnì. Oyè bẹ̀rẹ̀ láti orí Olóyè, ó dé Ọ̀gá Àgbà Yányán láìdúró níbì kankan. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Afọlábí ní ẹ̀kọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó kíyè sí i pé ìlẹ̀kùn ò ṣí, àfi Mubarakah, tó lọ wo ojú kékeré ara àpótí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "OLÓYÈ ẸNJINÍÀ DÓKÍTÀ AFỌLÁBÍ OYÈWỌLÉ BABA ÌSÀLẸ̀ ÀWỌN Ọ," lábẹ́ rẹ̀ sì ni: "KÒ SÍ ÀṢẸ NÍBẸ̀."

Oòrùn ti yọ. Iná tí wọ́n fi kún un láàárọ̀ ṣì ń jó. Mubarakah jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi "dín iná kù" ránṣẹ́, oyè ṣíwájú, oyè kún inú àpótí, àṣẹ dà nù. Ó tún fi ránṣẹ́. Kí àpótí tó ka Olóyè tán, kọ̀ǹpútà ti sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń sinmi. Mubarakah sáré lọ bá Afọlábí ní ẹnu géètì, Roqeeb ní ọ̀gá ń dúró de àlejò, kó lọ dúró dè wọ́n nínú gbọ̀ngàn. Omijé bọ́ lójú Mubarakah. Ó padà lọ wá wáyà nínú gọ́tà.

Kọmíṣọ́nà dé, Arábìnrin Bọ́lánlé, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọlọ́sìn ti kún gbọ̀ngàn, Ìyá Tòlótòló jókòó síwájú pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo rẹ̀. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù títí, kò gé, wọ́n fi ọwọ́ já a. Afọlábí bọ́ síwájú.

"Kọmíṣọ́nà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ fi ẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀ yìí tí eruku ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà fi di lọ́fínńdà! Kí èmi Afọlábí tó dé síhìn-ín, ta ló mọ ẹyin? Ẹyin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin lásán ni. Èmi ni mo fún ẹyin ní ìrètí. Èmi ni mo sọ fún ooru pé máa bọ̀, tó sì ń bọ̀. Láàárọ̀ yìí, mo tún ti fi òpin sí ìwà ìdádúró nínú iṣẹ́ ìjọba..."

Ibẹ̀ ni agogo ínkúbétọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, iná pupa kan sì ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀. Afọlábí rò pé Roqeeb ló ṣètò rẹ̀ láti fi yẹ́ òun sí. Ó tẹrí ba fún agogo, ó sì tẹ̀síwájú.

Ìyá Tòlótòló dìde. Ó lọ fọwọ́ kan ara ínkúbétọ̀, ó tètè fà á kúrò. Kò ka oyè ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sí iwájú Kọmíṣọ́nà, ó ní: "Ọmọ mi, ẹyin mi ń jóná. Òun nìkan ni mo ní láyé."

Kọmíṣọ́nà gbé e dìde, ó bèèrè ẹni tó mọ nǹkan nípa ẹ̀rọ yìí. Mubarakah ti dé, ẹrẹ̀ gọ́tà ní ọwọ́ rẹ̀, wáyà gígé ní èkejì. Ó ṣàlàyé. Ó ní òun lè so ó, ṣùgbọ́n wọ́n gé e mọ́ ìdí, kí òun tó tú àpótí kí òun sì jó wáyà mọ́ ọn, ẹyin á ti sè. Ẹnì kan ní kí wọ́n pa iná mọ̀nàmọ́ná ẹ̀rọ náà. Mubarakah ní bí wọ́n bá pa iná, fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ á dáwọ́ dúró, ooru tó wà níbẹ̀ á sì há mọ́ àwọn ọmọ náà, ìlẹ̀kùn ò sì lè ṣí láìgba àṣẹ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Kí àṣẹ kúrú kó lè wọ inú àpótí. Ẹni tó lè dín in kù ò sì ju ẹni tó ni páásìwọ́ọ̀dù.

Gbogbo ojú yí sí Afọlábí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, òun á yọ ọ̀kan. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, níbi tí "dín iná kù" tí Mubarakah kọ ṣì wà lẹ́yìn oyè, ó tẹ páásìwọ́ọ̀dù, ó wo oyè rẹ̀ bí ẹni tó ń yan èyí tí wọ́n máa pa nínú àgùntàn rẹ̀. Ó yọ Àrẹ̀mọ Ìdàgbàsókè. Ó tẹ bọ́tìnnì. KÒ SÍ ÀṢẸ NÍBẸ̀.

Ó yọ Aṣíwájú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ. Kò sí àṣẹ níbẹ̀. Agogo ń dún. Ó yọ Baba Ìsàlẹ̀ Àwọn Ọlọ́sìn, àwọn ọlọ́sìn tó wà nínú gbọ̀ngàn kò sì bá a kẹ́dùn. Òógùn ti ń jáde lójú rẹ̀. Ó dé orí Dókítà, ó dúró. Ó yíjú sí Kọmíṣọ́nà, ó ní ìwé ẹ̀rí èyí wà nínú férémù ní ọ́fíìsì òun. Kọmíṣọ́nà ní kó yọ ọ́. Ó yọ ọ́. Ó yọ Ẹnjiníà. Ní ti Olóyè, ó tilẹ̀ tẹ ìka rẹ̀ sí i, ó gbé e kúrò, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ní ẹran tí òun rà lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ó yọ ọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, gbogbo èèyàn na ọrùn.

Mubarakah ka ohun tó wà lára àpótí síta: "AFỌLÁBÍ OYÈWỌLÉ Ọ̀GÁ ÀGBÀ YÁNYÁN ILÉ ASÀBA ÌJỌBA DÍN IN." Ó ní ó kù díẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ ọ̀kan sí i, àṣẹ á wọlé.

Afọlábí gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó dìde, ó ká apá agbádá sí èjìká. Ó ní òun ti ṣe tó. Ó ní gbogbo ohun tí wọ́n ní kí òun bọ́ ni òun ti bọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà Yányán, oyè iṣẹ́ ni, ìwé ìjọba ló gbé e wá, òun ò lè fi ọwọ́ ara òun yọ ọ́ nítorí ẹyin tòlótòló. Ó ní kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn.

Ìyá Tòlótòló bú sẹ́kún. Kò pariwo. Ó kàn ń sunkún síbi tó dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ lórí agbọ̀n. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ibí yìí gan-an ló ń bí mi nínú.

Kọmíṣọ́nà rìn lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà.

"Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa yọ ìyẹn," ó ní. "Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé tó gbé e wá. Láti ìsinsìnyí, ẹ kì í ṣe Ọ̀gá Àgbà Ilé Asàba mọ́. Mubarakah, pa á rẹ́."

Mubarakah pa á rẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, ojú àpótí ṣófo fún ìṣẹ́jú kan, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "AFỌLÁBÍ OYÈWỌLÉ DÍN INÁ KÙ. MO TI GBỌ́." Fáànù inú ínkúbétọ̀ yí ohùn padà. Agogo dákẹ́. Roqeeb, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mubarakah nígbà yẹn, ó ń bi í bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀ gan-an.

Wọ́n fara balẹ̀ kí ooru lọ sílẹ̀ kí Mubarakah tó fi àṣẹ ránṣẹ́ pé kí ìlẹ̀kùn ṣí. Àwọn kan ò pa. Ẹyin àwọn ọlọ́sìn tó wà lókè, níbi tí ooru ti pọ̀ jù, ti sè, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ti Ìyá Tòlótòló wà nísàlẹ̀. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí sí i, gbogbo gbọ̀ngàn sì bá a tẹ́tí. Ohùn kan ké láti inú èèpo, ó tín-ín-rín, òmíràn dá a lóhùn. Ìyá náà jókòó sílẹ̀ gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú rẹ̀.

Nígbà tí ẹyin náà fi pa tán, oòrùn ti rọ̀, Kọmíṣọ́nà ti jáde, àwọn èèyàn ti ń tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó ń rìn níwájú Afọlábí, nítorí náà kò mọ ibi tí òun ń lọ. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú agbádá rẹ̀. Ìyá Tòlótòló ti kó àwọn ọmọ ẹyẹ sínú agbọ̀n tán, ó sì wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó wò yíká fún ẹni tó máa bá a gbé e.

"Afọlábí," ó ní, "wá bá mi gbé e dé ìdí ọ̀kadà."

Afọlábí wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé agbọ̀n.